Ọ̀rọ̀ Mẹ́rin Lórí Òkúta Ìyá Àgbà

Tí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé ìdílé wa ò gbọ́n, ẹ má bá a jà. Ẹ kàn bi í pé ta ló gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀. Tó bá ní ẹ̀gbọ́n màmá mi ni, Leonard dókítà eyín, ẹ sọ fún un pé Leonard gan-an wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà, òun ló sì pariwo jù.

Ìyá tó bí màmá mi ni ọ̀rọ̀ yìí dá lé, Ìyá Àgbà Hedi. Obìnrin kúkúrú ni, ṣùgbọ́n bí abẹ́rẹ́ ti kéré tó, kì í ṣe mímì fún adìẹ. Ọmọ ọdún mẹ́fà ni nígbà tí bàbá àti ìyá rẹ̀ gbé e sínú ọkọ̀ ojú irin ní Prague, pẹ̀lú àpótí kékeré kan àti nọ́ńbà tí wọ́n so mọ́ ọn lọ́rùn, pé kó máa lọ sílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kí àwọn Násì tó ká Júù mọ́lé tán. Wọ́n ní àwọn náà ń bọ̀ lẹ́yìn. Wọn ò dé. Bí Ìyá Àgbà ṣe máa ń parí ìtàn náà nìyẹn, "Wọn ò dé," á sì bèèrè ẹni tó fẹ́ ọbẹ̀ sí i.

Ilé àgbẹ̀ kan nílẹ̀ Wales ni wọ́n mú un lọ, ibẹ̀ ló sì wà títí ogun fi parí. Lẹ́yìn náà ni àbúrò bàbá rẹ̀ kan tó yè bọ́ wá mú un wá sí Westcliff, létí òkun, níbi tí gbogbo wa ṣì ń gbé tí atẹ́gùn ń fẹ́ wa lójú. Nǹkan kan ṣoṣo la mọ̀ pé ó mú bọ̀ láti ìgbà èwe rẹ̀, kì í sì í ṣe nǹkan tí wọ́n ń kó sínú àpótí. Nírọ̀lẹ́ Ọjọ́ Ẹtì gbogbo, tó bá ti tan àbẹ́là Sábáàtì, tó ti gba àdúrà Hébérù tí gbogbo Júù ń gbà, á pè wá lọ́kọ̀ọ̀kan, ọmọ àti ọmọ-ọmọ, á gbé ọwọ́ lé wa lórí, á wá sọ pé: "Dere, mochin bach, dere."

Ọ̀nà ọ̀fun ni "ch" yẹn ti ń wá o, bí ìgbà tí eegun ẹja há èèyàn lọ́fun níwájú àna. Tí a bá bi Ìyá Àgbà pé ta ló kọ́ ọ, ìdáhùn kan náà ni: "Mam ni." A gbà pé bí wọ́n ṣe ń pe ìyá nílùú wọn nìyẹn. Mam, ìyẹn Rivka, tó dúró sí ibùdókọ̀ ní Prague tó ń juwọ́. A ò ní fọ́tò Rivka. A ò ní òrùka rẹ̀, a ò ní ṣíbí rẹ̀ kan. Ọ̀rọ̀ mẹ́rin yìí nìkan ló ṣẹ́ kù nínú rẹ̀, màmá mi ló sì dì í mú jù gbogbo wa lọ, torí orúkọ Rivka ló ń jẹ́. Vivienne ni wọ́n ń pè é ní báńkì àti lọ́dọ̀ onídìrí, ṣùgbọ́n ní sínágọ́gù, Rivka ni. Àwa kì í sọ ọmọ lórúkọ alààyè. Ẹni tó ti lọ là ń gbé orúkọ rẹ̀ fún ọmọ, kó má baà sọnù.

Kí wá ni ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ náà? Háà, Rábì Zeffert ló yanjú ìyẹn fún wa. Ọ̀mọ̀wé pátápátá ni Rábì Zeffert, kò sì tíì wàásù kúkúrú rí láyé rẹ̀. Lọ́jọ́ tí Ìyá Àgbà pé ẹni àádọ́rin ọdún, ó dìde ní sínágọ́gù, ó gbá irùngbọ̀n rẹ̀ mú, ó ní èdè àtijọ́ ni. Ó ní "mochin," Árámáíkì ni, òye ni ìtumọ̀ rẹ̀. "Bach," Hébérù ni, nínú rẹ. "Dere," ìyẹn "dor" ni, ìran, àmọ́ bí àwọn ará Prague ṣe ń fi ẹnu wọn gé e nìyẹn. Tó o bá pa á pọ̀: "Láti ìran dé ìran, òye ń bẹ nínú rẹ." Àwọn obìnrin sunkún. Bọ̀ọ̀dá Leonard sunkún. Ikọ́ gbé Ìyá Àgbà lórí ìjókòó, ó ń wúkọ́ sínú aṣọ ìnujú, ojú rẹ̀ pọ́n, èjìká rẹ̀ ń gbọ̀n, títí wọ́n fi mú un jáde lọ fún un lómi. A ní ayọ̀ ló pọ̀ jù fún un, ìyá arúgbó. Àṣé!

Nígbà tí Ìyá Àgbà wá kú, màmá mi ní ọ̀rọ̀ mẹ́rin yẹn ló gbọ́dọ̀ wà lórí òkúta rẹ̀. Ìgbìmọ̀ itẹ́ òkú ní rárá, ọ̀rọ̀ Ìwé Mímọ́ nìkan ló ń wà lórí òkúta. Màmá mi lọ bá wọn nípàdé, ó fọwọ́ gbá tábìlì, ó ní ṣé ẹ̀yin lẹ bí Rivka ni? Rábì Zeffert gbè é lẹ́yìn pẹ̀lú ìwé Árámáíkì ńlá mẹ́ta. Wọ́n gbà. Wọ́n gbẹ́ ẹ sára òkúta, lẹ́tà Hébérù gbọ̀ngbọ̀n, wọ́n ta aṣọ bò ó. Ọjọ́ Àìkú kan nínú oṣù kẹwàá, nígbà tó ń lọ sí ọdún kan tó ti kú, la fẹ́ ṣí i níwájú ìjọ, bí àṣà wa.

Lọ́jọ́ Ẹtì tó ṣáájú ni Eluned dé láti Wales.

Eluned ni ọmọ àgbẹ̀ tó gba Ìyá Àgbà sílé, àwọn méjèèjì jọ dàgbà lórí ibùsùn kan náà ni. Ó ti lé ní ọgọ́rin ọdún dáadáa, ó ga, ara rẹ̀ ṣì le, ohùn rẹ̀ sì jẹ́ ti ẹni tó ti ń fi gbogbo ayé rẹ̀ bá ará òdì kejì òkè sọ̀rọ̀ láìlo fóònù. Lọ́dọọdún ni Ìyá Àgbà máa ń lọ kí i ní oko, òun nìkan. Tí a bá ní ká tẹ̀ lé e, á ní ẹrẹ̀ ibẹ̀ kì í ṣe fún bàtà tiwa. Eluned náà kì í wá, torí ta ló máa fún màálù lóúnjẹ? Àfi báyìí tó ti ta màálù.

Agolo àkàrà òyìnbó kan ló gbé wá. Màmá mi gbà á, ó dúpẹ́, ó bi í bí ẹni tí kò bìkítà pé kí ni wọ́n fi dín in. Eluned ní, "Ọ̀rá ẹlẹ́dẹ̀ ni, ọmọ mi, ojúlówó!" Màmá mi rẹ́rìn-ín músẹ́, ó gbé agolo náà sórí fíríìjì, lẹ́yìn ìkòkò òdòdó. Mo rí ojú Bọ̀ọ̀dá Leonard bó ṣe tẹ̀ lé agolo náà gòkè.

Oòrùn ti ń wọ̀. A ti dúró yí tábìlì ká. Eluned ní òun fẹ́ fọwọ́, ó gba ọ̀nà ilé ìwẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n Sábáàtì kì í dúró de ẹni tó ń fọwọ́. Màmá mi tan àbẹ́là, ó fi ọwọ́ bo ojú, ó gbàdúrà. Ó wá ní nítorí Ọjọ́ Àìkú tó ń bọ̀, ká kọ́kọ́ jọ sọ ọ̀rọ̀ Ìyá Àgbà pọ̀ kí òun tó máa gbé ọwọ́ lé wa lórí. Ni gbogbo wa bá gbé e, Leonard ló ṣáájú, bí ẹni ń polówó:

"DERE, MOCHIN BACH, DERE!"

Omi ẹ̀rọ dákẹ́ nílé ìwẹ̀. Ilẹ̀kùn ṣí gbàù. Eluned já wọlé, omi ń kán lọ́wọ́ rẹ̀, ó tẹ̀ ba, ó ń wo abẹ́ tábìlì wa.

"Ó dà?"

Màmá mi ní, "Kí ló dà, Àǹtí?"

"Ẹlẹ́dẹ̀ náà! Ṣebí ẹ̀yin lẹ̀ ń pè é. Ṣé ó já ni? Ẹ tilẹ̀kùn ẹ̀yìn, ẹ jẹ́ n bá yín mú un, etí ni wọ́n máa ń dì mú."

Eluned nàró, ó wo ojú wa, ó wo àbẹ́là, ó wo wáìnì àti búrẹ́dì tí a fi aṣọ funfun bò mọ́lẹ̀.

"Áà," ló wí, ohùn rẹ̀ sì rọ̀, "ẹ ti pa á."

"Àǹtí Eluned," ni màmá mi wí, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ìgbà tí èèyàn ń bá ọmọ kékeré sọ̀rọ̀, "àdúrà là ń gbà. Árámáíkì ni."

"Ta ni Árámáíkì? Mi ò mọ̀ ọ́n. Èdè Wales lẹ sọ yẹn. *Dere, mochyn bach, dere.* 'Máa bọ̀, ọmọ ẹlẹ́dẹ̀, máa bọ̀.' Ẹ sì sọ ọ́ dáadáa o! Àfi 'dere' tó gbẹ̀yìn yẹn, ẹ jẹ́ kó gùn díẹ̀. Tí kò bá gùn, ẹlẹ́dẹ̀ ò ní dá yín lóhùn."

Ẹ̀rín bú lẹ́nu Leonard, ó sì gbìyànjú láti sọ ọ́ di ikọ́. Èmi náà bu ètè jẹ, mo wo òkè àjà. Ọ̀rọ̀ burúkú tòun tẹ̀rín! Èèyàn mélòó lẹ mọ̀ tí wọ́n ti ń fi tọkàntọkàn pe ara wọn ní ẹlẹ́dẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ láti ọjọ́ tí wọ́n ti dáyé, níwájú àbẹ́là, nínú aṣọ tó dáa? Júù sì ni wá o. A kì í jẹ ẹ́, a kì í fọwọ́ kàn án, àwòrán rẹ̀ lára páálí ọbẹ̀ inú agolo lásán, màmá mi á kọ ẹ̀yìn rẹ̀ síta ní ṣọ́ọ̀bù.

Màmá mi ò rẹ́rìn-ín. Ó wọ ilé ìdáná lọ, a gbọ́ ìró ìkòkò, a tún gbọ́ ìró òmíràn. Ó wá kígbe.

"ÒKÚTA!"

Ibẹ̀ ni ẹ̀rín ti gbẹ lẹ́nu gbogbo wa. Ẹlẹ́dẹ̀ wà lórí òkúta Ìyá Àgbà. Láàárín itẹ́ òkú Júù, pẹ̀lú lẹ́tà Hébérù gbọ̀ngbọ̀n, tí màmá mi fọwọ́ gbá tábìlì kí wọ́n tó gbà. Sábáàtì sì ti wọlé. Nínú ilé màmá mi, tí Sábáàtì bá ti wọlé, fóònù ti di igi. Èèyàn ò lè pe agbẹ́kùúta títí di ìrọ̀lẹ́ Àbámẹ́ta nígbà tí ìràwọ̀ mẹ́ta bá yọ. Àárọ̀ Ọjọ́ Àìkú ni gbogbo sínágọ́gù ń bọ̀.

Ẹ jẹ́ n sọ bí Àbámẹ́ta ọ̀hún ṣe rí fún yín. Leonard tẹ́ ẹsẹ̀ sórí àga lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, ó ń fún wa nímọ̀ràn. Ó ní ká gbin òdòdó gíga síwájú òkúta náà. Ó ní ká sọ pé atẹ́gùn ò jẹ́ ká ṣí aṣọ.

"Tàbí kẹ̀, ká kàn fi í sílẹ̀," ló wí. "Júù mélòó ní Westcliff ló gbọ́ èdè Wales?"

"Ọlọ́run gbọ́ ọ," ni màmá mi wí.

"Má bínú o, Vivienne, kí ni ẹlẹ́dẹ̀ tiẹ̀ ṣe ọ́ gan-an? Ẹran tó dùn bẹ́ẹ̀..."

Màmá mi yí ọrùn wò ó díẹ̀díẹ̀.

"Ó dùn ún wò," ni Leonard wí. "Lórí tẹlifíṣọ̀n. Ó dùn ún wò."

Mo ní, "Bọ̀ọ̀dá, ọ̀rá ń dán létè yín." Inú ń bí mi sí i lóòótọ́. Mo ti rí agolo orí fíríìjì, ó ti fúyẹ́.

Láti àárọ̀ ni Eluned ti jókòó sẹ́bàá fèrèsé, ó pa ọwọ́ lé ẹsẹ̀, bí ọmọ tí wọ́n ní kó dúró síta kíláàsì. Ó fà mí láṣọ bí mo ṣe ń kọjá. Ó ní, "Roz, kí ni mo ṣe fún màmá rẹ?" Mo ní, "Ẹ ò ṣe nǹkan kan, Màmá. Ẹ kàn gbọ́ èdè ni." Kí ni mo tún fẹ́ sọ?

Nígbà tí mo bá màmá mi nínú yàrá, ó dùbúlẹ̀ tòun ti bàtà. Ó ní, "Ó mọ̀, Roz. Ìyá mi mọ̀! Ó gbé oko yẹn títí ogun fi parí, kí ló dé tí kò ní gbọ́ èdè wọn? Ó jókòó ní sínágọ́gù, Rábì ń túmọ̀ ẹlẹ́dẹ̀ fún ìjọ, ó ń fi wá rẹ́rìn-ín sínú aṣọ ìnujú!" Ó fi ọwọ́ nu ojú. "Orúkọ Rivka ni mo ń jẹ́. Mi ò mọ̀ bóyá ó ga tàbí ó kúrú. Mi ò mọ ohùn rẹ̀. Ọ̀rọ̀ mẹ́rin péré ni mo ní tí mo lè sọ pé ẹnu rẹ̀ ló ti jáde. Gbogbo rẹ̀ ti lọ báyìí. Kò sí nǹkan kan tó kù nínú obìnrin yẹn láyé."

Àánú rẹ̀ ṣe mí dénú egungun. Mo jókòó tì í lórí ibùsùn, a jọ ń retí ìràwọ̀.

Bí ìkẹta ṣe yọ báyìí, ó ti gbá fóònù mú. Agbẹ́kùúta náà, Pinkus, ń jẹun alẹ́ lọ́wọ́, a ń gbọ́ bó ṣe ń jẹ ẹ́.

"Ẹ wá họ ìlà tó gbẹ̀yìn kúrò," ni màmá mi wí.

"Màdáámù, òkúta ni. Kì í ṣe ìwé tí wọ́n ń fi rọ́bà pa."

"Ẹ wá họ ọ́, Ọ̀gbẹ́ni Pinkus. Ẹ má bi mí ìdí."

"Ọ̀rọ̀ tó dáa tó yẹn? Ìyàwó mi tiẹ̀ ní kí n kọ ọ́ sára káàdì ìgbéyàwó ọmọ wa. Mo ti ní kí wọ́n tẹ̀ ẹ́."

Màmá mi dijú, ó ní kó ṣáà wá láàárọ̀ kùtù kí èrò tó dé.

Ó wá. Ìrì ṣì wà lórí koríko. Èmi àti màmá mi ló yẹ ká jọ lọ, ṣùgbọ́n Eluned ti wọ kóòtù, ó ti jókòó sẹ́yìn mọ́tò kó tó di pé a jáde. Ó ní òun ò wá láti Wales kóun wá máa wo fèrèsé, òun fẹ́ rí Hedi. Màmá mi kàn wa mọ́tò.

Pinkus ká aṣọ kúrò lára òkúta. Eluned ò lè ka Hébérù, ó ní ká fi ibi tí orúkọ Hedi wà han òun, mo fi hàn án, ó fi ìka tọ́ ọ. Lẹ́yìn náà ó jókòó sórí etí ibojì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́, ti Ọ̀gbẹ́ni kan tó ń tajà aṣọ ìwẹ̀ nígbà ayé rẹ̀. Pinkus gbé irin ìgbẹ́kùúta rẹ̀ lé lẹ́tà àkọ́kọ́, ó gbé òòlù sókè, kọ̀ọ́! Lẹ́tà kan bọ́ sílẹ̀.

Eluned ní, "Kí ló ń ṣe?"

"Ó ń yọ ẹlẹ́dẹ̀ yín kúrò," ni màmá mi wí. Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tó bá a sọ láti alẹ́ Ẹtì nìyẹn, kò sì dùn létí.

"Kí ló gbé ẹlẹ́dẹ̀ débẹ̀ ná?"

"Ìyá mi ni! Òun ló ń sọ ọ́ fún wa lọ́jọ́ Ẹtì gbogbo, tó ń gbé ọwọ́ lé wa lórí, tó ní Mam ló kọ́ òun!"

Eluned wo màmá mi bí ẹni pé ó ṣẹ̀ṣẹ̀ rí i.

"Ó ń gbé ọwọ́ lé yín lórí?"

"Gbogbo wa. Títí tó fi kú."

"Ó sì ní Mam ló kọ́ òun."

"Mo ti sọ bẹ́ẹ̀."

"Vivienne," ni Eluned wí, "Mam là ń pe ìyá tèmi. Morfydd ló ń jẹ́, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó ń pè é bẹ́ẹ̀ nílé. Mam. Èmi, àwọn ẹ̀gbọ́n mi, Hedi náà."

Pinkus gbé òòlù sọ́wọ́, ó ń gbọ́.

Eluned ní, "Nígbà tó dé ọ̀dọ̀ wa, kò gbọ́ tiwa, a ò gbọ́ tiẹ̀. Kó tó pé ọ̀sẹ̀ kan, lálẹ́ ọjọ́ Ẹtì kan, ó wá dúró ti Mam nídìí ààrò. Mam gbé ọmọ ẹlẹ́dẹ̀ kan mọ́ àyà, èyí tí ìyá rẹ̀ kọ̀, tó ń fi ìgò fún ní wàrà. Hedi mú ọwọ́ Mam kejì, ó gbé e lé orí ara rẹ̀, ó dijú, ó dúró. Ó ṣáà dúró. Ohun tí wọ́n ń ṣe fún un nílé wọn ni, àbí? Ibo la ti fẹ́ mọ̀? Mam wò mí, mo wo Mam. Ó rí i pé ọmọ yìí ń retí ọ̀rọ̀ kan, kò sì ní ọ̀rọ̀ kankan tí ọmọ náà máa gbọ́. Ló bá sọ èyí tó ń sọ fún ọmọ ẹlẹ́dẹ̀ yẹn. Ohùn kan náà. *Dere, mochyn bach.* Hedi ní kó tún un sọ. Ó fọwọ́ ṣe é báyìí, pé lẹ́ẹ̀kan sí i. Láti ọjọ́ yẹn, gbogbo ọjọ́ Ẹtì ni. Nígbà tó gbọ́ èdè wa tán, tó mọ̀ pé ẹlẹ́dẹ̀ là ń pè é, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ fi ẹ̀rín kú sílẹ̀, ṣùgbọ́n kò jẹ́ kí Mam pa á dà. Mam ní kóun wá àdúrà gidi kan láti inú Bíbélì. Hedi ní rárá o."

Màmá mi ti jókòó sórí etí ibojì náà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. N kò tíì rí i kó jókòó sórí ibojì ẹni ẹlẹ́ni rí.

Ó ní, "Tó bá jẹ́ pé ìyá yín ni Mam, kí ló ń pe tiẹ̀?"

"Kí ló ń pe ta ni?"

"Ìyá tó bí i. Rivka. Ṣé kò pè é rí létí yín?"

Eluned ronú. Ó fi ọwọ́ pa ẹnu rẹ̀, ó wá mú un kúrò.

"Ọ̀rọ̀ kan wà tó máa ń ké lójú oorun nígbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Maminka. Á máa ní, Maminka, Maminka. Mo rò pé ọmọláńgidi rẹ̀ ló sọnù. Mo gbé tèmi fún un. Ó gbà á, ó dì í mú, kò sì dákẹ́."

"Ẹ tún un wí."

"Maminka."

"Ṣé bó ṣe sọ ọ́ gan-an nìyẹn?"

"Bó ṣe sọ ọ́ gan-an ni. Etí tèmi ló ń ké e sí, ibùsùn kan la wà."

Màmá mi sọ ọ́ lábẹ́ ẹnu, ó tún un sọ, bí ẹni ń tọ́ oúnjẹ wò. Ó gbá Eluned mọ́ra, ó ń sunkún, ó ń rẹ́rìn-ín, kóòtù àwọn méjèèjì sì tutù fún ìrì.

Pinkus wúkọ́ díẹ̀. "Màdáámù, ṣé kí n máa bá iṣẹ́ lọ?"

"Gbìyànjú ẹ̀ wò," ni màmá mi wí. "Tí o bá fọwọ́ kàn án, màá gba òòlù yẹn lọ́wọ́ rẹ."

"Mo ti yọ ọ̀kan."

"Lẹ̀ ẹ́ padà."

"Òkúta ni, màdáámù!"

Kò lẹ̀ ẹ́ padà o. Bó ṣe wà títí dòní nìyẹn, ihò kan, lẹ́yìn náà ẹlẹ́dẹ̀.

Nígbà tí èrò dé, tí wọ́n tún ta aṣọ bò ó tí a tún ṣí i, Rábì Zeffert bọ́ síwájú, ó gbá irùngbọ̀n rẹ̀ mú. Ó ní, "Ẹ̀yin ará, *mochin*. Kí ni *mochin*?"

"Ẹlẹ́dẹ̀ ni, Rábì," ni màmá mi wí.

Ó sọ gbogbo rẹ̀ fún wọn, níbi tó dúró sí, kò fi ọ̀kan pamọ́. Ẹnì kan bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín lẹ́yìn, ẹ̀rín náà ràn dé iwájú. Alága ìgbìmọ̀ itẹ́ òkú nìkan ni ojú rẹ̀ le, ó ń wo òkúta náà bí ẹni pé ó máa sá lọ. Rábì Zeffert tú irùngbọ̀n rẹ̀ sílẹ̀. Mo rò pé á bínú. Ó ní, "Ọdún mẹ́tàlá ni mo fi wàásù lórí ẹlẹ́dẹ̀ yìí." Ó ní, "Ìwàásù tó dáa ni, ẹ̀yin náà ẹ sọ òótọ́." Kò ní òmíràn nínú àpò, ó sì di ìgbà àkọ́kọ́ tí iṣẹ́ ìsìn rẹ̀ máa yá.

Ó ṣí ìwé fún àdúrà òkú, níbi tí wọ́n ti ń pe ẹni náà lórúkọ, tí wọ́n sì ń pe àwọn tó bí i. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọ́ lórin: "Hedi, ọmọ Yaakov àti Rivka..."

"Ẹ fi Morfydd kún un," ni màmá mi wí.

Rábì dúró. "Ta ni Morfydd?"

"Ìyá rẹ̀ ni."

"Vivienne, Rivka ni ìyá rẹ̀."

"Rivka náà ni."

Rábì wò ó, ó wo òkúta, ó wá padà sí ìbẹ̀rẹ̀ orin náà, ó sì pe gbogbo wọn. Eluned ò gbọ́ Hébérù, ṣùgbọ́n ó gbọ́ orúkọ ìyá rẹ̀ níbẹ̀, ó sì di ọwọ́ màmá mi mú títí wọ́n fi ṣe Àmín.